Bùsàrí àti Èdè Ọwọ́ Àwọn Ahunṣọ

Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí olú ní Ìkẹjà, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bùsàrí, ọmọ Ìṣẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ gidi ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: bí ó bá ti gòkè díẹ̀, kì í fẹ́ wo ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nílé, abẹ́ igi ni Bùsàrí àti Láwàní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń hun aṣọ lórí òfì. Bí oòrùn bá mú, wọ́n á sinmi. Bí àlejò bá dé, wọ́n á dìde kí i. Nígbà tí aṣọ ẹ̀rọ wá kún ọjà, àwọn tó ń ra tiwọn dín kù. Àwọn méjèèjì di ẹrù wọn, wọ́n gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà, wọ́n sì jọ gba yàrá kan ní Múṣin, nínú ilé tí Ìjẹ̀bú, Ìgbò àti Ẹ̀gùn ti jọ ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan náà. Fèrè ilé iṣẹ́ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n á jí àti ìgbà tí wọ́n á jẹun.

Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí o bá kígbe sí ẹnìkejì rẹ létí, kò ní gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wá dá èdè kan sílẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ sọ. Òun ni Bùsàrí àti Láwàní fi ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, òun náà ni wọ́n fi ń ṣàwàdà láàárín ariwo.

Nígbà tó yá, wọ́n fi Bùsàrí ṣe ọ̀gá lórí àwọn ahunṣọ. Wọ́n fún òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé nínú ọgbà àwọn ọ̀gá, tó ní òdòdó lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, kò fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní èdè àwọn lébìrà ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Láwàní gbé iṣu wá kí i. Àwọn ọ̀gá bíi tirẹ̀ wà lálejò lọ́dọ̀ Bùsàrí lọ́jọ́ náà, ni ó bá sáré lọ pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Láwàní, bí o bá ní ọ̀rọ̀, máa bá mi sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Ibí yìí kì í ṣe Múṣin."

Láwàní wo ojú rẹ̀. "Mo ti gbọ́ yín, ọ̀gá," ló wí. Kò pè é ní "yín" rí láti kékeré. Ó rọra gbé iṣu náà kalẹ̀, ó sì yí padà.

Ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí lébìrà. Etí Bùsàrí bẹ̀rẹ̀ sí í di díẹ̀díẹ̀, ó sì fi pa mọ́. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, á kàn máa mi orí. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, á rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Sífáwù ìyàwó rẹ̀ rò pé inú ló ń bí i tí kì í fi í dá òun lóhùn. Nígbà tí etí náà di pátápátá, ilé iṣẹ́ ní kó máa lọ sinmi, wọ́n sì gba ilé wọn. Ó padà sí Múṣin. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó wá kí i. Á kàn jókòó síta láàárọ̀, á máa wo ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀.

Láwàní gbọ́. Bó ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbà lọ. Ojú ti Bùsàrí, ó fẹ́ dìde wọlé, ṣùgbọ́n Láwàní ti jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àyà ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń béèrè nídìí ẹ̀rọ pé ṣé àlàáfíà ni.

Bùsàrí wo ọwọ́ náà títí. Ó wá fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ahunṣọ ṣe ń sọ pé òwú ti já.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, Láwàní," ó fi ẹnu sọ ìyẹn. "Dárí jì mí."

Láwàní na ọwọ́ méjèèjì, ó ṣe wọ́n bí ẹni tó ń so òwú tó já.

Láti ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ a máa yà kí Bùsàrí nírọ̀lẹ́. Láwàní kọ́ Sífáwù àti àwọn ọmọ ní èdè ọwọ́ náà. Ọjọ́ tí Sífáwù kọ́kọ́ fi ọwọ́ bá ọkọ rẹ̀ jà pé kò jẹun, Bùsàrí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti di ayé ẹ̀rọ, ẹ̀yin náà á sì gòkè níbi iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ni ipò, wọ́n sì lè gbà á padà nígbàkígbà. Ẹni tí ẹ jọ jìyà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Ẹ má ṣe dá a dúró sẹ́nu géètì. Ẹ̀rọ ń hun aṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó dé ni àwọn àgbà ti sọ pé èèyàn laṣọ.