Ọkọ̀ Tí Ládiípọ̀ Fi Ọ̀rá Wé

Àléébù kan ṣoṣo ló wà lára Ládiípọ̀, ṣùgbọ́n ó tóbi ju ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ lọ: ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan òun máa dán bíi tuntun, ì báà má wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ó ra tẹlifíṣọ̀n, kò jẹ́ kí wọ́n já ọ̀rá ojú rẹ̀. Ó ra àga, orí ọ̀rá ni àwọn àlejò ń jókòó sí, tí yóò máa dún pàràpàrà bí wọ́n bá ti mí. Adérìnsọ́lá, ìyàwó rẹ̀, máa ń sọ pé ọpẹ́lọpẹ́ pé òun ń rìn káàkiri ni ọkọ òun ò fi tíì wé òun náà.

Mulhuddart ni wọ́n ń gbé, ní Dublin, ní àwọn ọdún tí iṣẹ́ pọ̀ nílùú náà débi pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ á ti rí òmíràn kó tó di ọ̀sán. Ládiípọ̀ ń ṣe sikiọ́ríìtì ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn Òyìnbó ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń ra ilé sí Spéìn, òun náà ò sì fẹ́ kẹ́yìn. Ó ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n fi pákó ṣe, ó gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù níwájú ilé, ó sì kùn ún ní búlúù. Ó wá tẹ Bàbá Adélékan, bàbá ìyàwó rẹ̀, láago ní Ẹ̀pẹ́.

Bàbá yìí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pẹja lórí ọ̀sà. Kò ka àna rẹ̀ sí rárá. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti ń sọ pé ariwo ẹnu ọmọkùnrin náà pọ̀ ju ìṣe rẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó ń dun Ládiípọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé.

"Bàbá, mo ti ra ọkọ̀," ni Ládiípọ̀ wí. "Tí ẹ bá dé lóṣù karùn-ún, èmi fúnra mi ni mo máa fi gbé yín lọ sórí òkun."

"Ó dáa," ni Bàbá dáhùn. "Tí mo bá débẹ̀, màá rí i."

Nígbà tí òtútù ń bọ̀, Gafar, aládùúgbò rẹ̀ tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, wá bá a. Gafar ti fi tapólì aláwọ̀ eérú bo tirẹ̀. Ó ti fi igi gbé àárín rẹ̀ sókè bí òrùlé kí òjò lè máa ṣàn dànù, ó sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé. Ká sọ tòótọ́, kò dùn ún wò. Ó dà bí àgùntàn tó sùn sójò.

"Irú èyí ni kó o rà," ni Gafar wí. "Wọ́n ń tà á ní etíkun Howth. It's grand."

Ládiípọ̀ yínmú. "Kí àwọn èèyàn lè rò pé òkú ni mo bò síta? Ọ̀rá tó mọ́ gaara lèmi máa lò, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè máa rí ọkọ̀ mi."

"Ọ̀rá kì í jẹ́ kí nǹkan mí o, Ládì. Ọkọ̀ yẹn á làágùn."

"Ọkọ̀ á làágùn! Ṣé ó fẹ́ sáré ni? Abeg, Gafar!"

Adérìnsọ́lá dá sí i. "Dádì Joy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiẹ̀. Ẹ rántí Bàbá mi."

"Nítorí Bàbá náà ni mo ṣe ń wé e!"

Ó fi omi àti ọṣẹ fọ ọkọ̀ náà, kò dúró kó gbẹ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá yí i. Ó yí i yí i. Ó fi téèpù dí gbogbo ojú ihò títí èèrà ò fi rí ọ̀nà gbà. Ọkọ̀ náà dán, mi ò ní parọ́, àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń yọrí wò ó. Inú Ládiípọ̀ dùn dọ́ba.

Nígbà tó ṣe, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ nínú ọ̀rá náà. Kó tó di oṣù kẹta, ẹnikẹ́ni ò rí ọkọ̀ mọ́, funfun bálau ló kù. Adérìnsọ́lá ní kó tú u wò. "Tí mo bá tú u báyìí," ni Ládiípọ̀ wí, "kò ní jẹ́ tuntun mọ́ kí Bàbá tó dé."

Bàbá dé. Ládiípọ̀ pe àwọn aládùúgbò jọ, ó gbé kámẹ́rà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fi ọ̀bẹ la ọ̀rá náà. Òórùn tó jáde dà bíi ti fùfú tí wọ́n gbàgbé sínú korobá. Bàbá fẹ̀yìn rìn. Ọ̀dà búlúù ti ṣí kúrò, gbogbo pákó ti bu, olú sì ti hù sórí ìjókòó, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀.

"Ah, love," ni obìnrin Òyìnbó kan béèrè, "are them for eating?"

Ojú ti Ládiípọ̀. Ó ní òkè nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, pé ìsàlẹ̀ ṣì le koko. Ó fò sínú rẹ̀ láti fi hàn wọ́n. Pákó dún pẹ́ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gba ìsàlẹ̀ jáde dé ilẹ̀, ọkọ̀ sì há mọ́ ọn nídìí bíi síkẹ́ẹ̀tì. Adérìnsọ́lá ya fọ́tò náà. Ó ní òun ò mọ ìgbà tí ọwọ́ òun tẹ̀ ẹ́.

Bàbá yíjú sí Gafar. "Tìrẹ ńkọ́?" Gafar ká tapólì, ọkọ̀ rẹ̀ gbẹ bíi bisikíìtì.

Ní Sátidé, wọ́n lọ sí Howth. Èèyàn méjì péré ni ọkọ̀ Gafar ń gbà. Ládiípọ̀ ló dúró sí etíkun nínú atẹ́gùn, tó gbé bàtà àna rẹ̀ dání, tó ń wo arúgbó náà tó ń rẹ́rìn-ín lórí omi bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n padà dé, Bàbá gbá Gafar mọ́ra, ó gbé èyí tó tóbi jù nínú ẹja tí wọ́n pa lé e lọ́wọ́, ó sì sọ fún un pé ọjọ́ náà wà lára ọjọ́ tó dùn jù láyé òun. Ó wá kọjú sí Ládiípọ̀.

"Bàtà mi dà?" ni ó wí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Torí ohun tó wà lábẹ́ ìbòrí la ṣe ń ra ìbòrí, kì í ṣe torí ojú ẹni tó ń kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ bo ọkọ̀ ní ìgbà òtútù, kó jẹ́ kó gbẹ ná, kó wá aṣọ tó nípọn, kó sì fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá sì ń tọ́jú nǹkan rẹ̀ torí kí wọ́n lè yìn ín, ìtìjú ni yóò bá nídìí rẹ̀. Ẹ máa gba ìmọ̀ràn, kí ẹ sì máa lo ohun tí ẹ bá rà.