Àga Iwájú Kọ̀ǹpútà Bàbá

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Oyèbọ́dé fi ẹ̀rọ pínníṣín tó ń sọ àwòrán kọ̀ǹpútà di ti tẹlifíṣọ̀n so kọ̀ǹpútà àtijọ́ bàbá rẹ̀ tó ti kú mọ́ tẹlifíṣọ̀n tuntun tó fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ó wá jókòó sórí àga bàbá, àga tí eṣinṣin gan-an kì í bà lé.

"Bàbá Tanwá, ẹ dìde níbẹ̀!" ni ìyàwó Oyèbọ́dé pariwo mọ́ ọn.

"Ta ló nilé báyìí? Èmi ni!"

Àwọn bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dún ká, ká, láìsí ọwọ́ kankan lórí wọn. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n: DÌDE.

Oyèbọ́dé fi ìka kan tẹ èsì: N Ò DÌDE.

Fóòmù àga tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀, ó di itan méjì, itan náà sì ń mì ín sókè sódò bí ọmọ ọwọ́.

Ó di apá àga mú. "Bàámi, ẹ mì mí dọ̀la. Mi ò dìde!"