Ọwọ́ Ọ̀tún Ni Ti Rùqáyyàh

Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe eré náà ní gbọ̀ngàn ìlú Iyere, Rùqáyyàh sì tún kọ̀ láti dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró.

"Màmá Jamaldeen, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sọ́wọ́ òsì màmá mi, ibẹ̀ lẹ máa gbà wọlé," ni Ìmísí wí fún un. Òun ló kọ eré náà, lórí ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ dàgbà. Mojí ìyá rẹ̀ àti Rùqáyyàh, tí wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré, ni wọ́n sì fẹ́ ṣe é.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni iná ti ń tàn sójú mi dáadáa. Ṣé o fẹ́ kí n dúdú bí ìdí ìkòkò ni?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mojí náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

"Ẹ fi Rùká sílẹ̀," ó ní. "Bó ṣe fẹ́ràn ojú ara rẹ̀ tó nìyẹn. Nínú mọ́tò pàápàá, ọwọ́ ọ̀tún mi ló máa ń jókòó sí."

"Arẹwà ni mí. Kí ni kí n ṣe?"

Nǹkan kan ṣoṣo ni Mojí ti bẹ̀bẹ̀ fún nínú eré náà: kí wọ́n yọ ibi tí tíṣà ti gbá ọmọ létí kúrò. Ó ní kò pa òun lẹ́rìn-ín. Ìmísí sì yọ ọ́.

Ìmísí fi agídí pààrọ̀ ibi tí wọ́n dúró sí, Rùqáyyàh wá bọ́ sọ́wọ́ òsì Mojí. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn wíńdò. Rùqáyyàh sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bó ṣe wà nínú eré, ó sì dúró. Mojí ń wo àwọn àga tó ṣófo. Rùqáyyàh tún un sọ, Mojí ò dáhùn. Nígbà tó máa dáhùn, ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú eré rárá ló sọ.

Ìmísí pa ìwé eré náà dé. Báyìí náà ni àrùn ìgbàgbé ìyá ìyá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ síta, ó fa fóònù yọ. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀, tó ti fi eré yìí fọ́nnu ká gbogbo Iyere?

Rùqáyyàh tẹ̀lé e, ó gbọ́wọ́ lé fóònù náà.

"Ta lo fẹ́ pè?"

"Naimat, kó wá rọ́pò màmá mi. Ẹ̀yin náà ẹ rí i, wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan."

Rùqáyyàh bojú wẹ̀yìn.

"Orí ẹ̀ pé, ọmọ mi, láti ọjọ́ tí tíṣà ti gbá a létí òsì ní kíláàsì wa ni etí yẹn ò ti gbọ́ nǹkan mọ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo mọ̀, torí náà dá mi padà sọ́wọ́ ọ̀tún, kó o sì máa bú mi lọ pé mo fẹ́ràn ojú ara mi."