Ìwé tí Máníjà Fà Ya

Ìpàdé náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Máníjà ní láti oṣù tó ń bọ̀, ilé-iṣẹ́ kan níta ni yóò máa ṣètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ìyá Owó-Oṣù, tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún méjìlélógún, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìwé ńlá rẹ̀ wà lórí itan.

"Màmá, ẹ ti gbìyànjú," ni Máníjà wí. "Àmọ́ àwọn ará ìta ní kọ̀ǹpútà. Rọ́bà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ni ẹ̀yin ní."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, torí pé ọ̀gá ló dápàárá.

Ọdún kẹsàn-án Máníjà rèé níbẹ̀. Ẹni tó wà lórí àga náà tẹ́lẹ̀ ló ṣàìsàn, ni wọ́n bá ní kí eléyìí wá bá a jókòó sórí àga náà fún oṣù mẹ́ta. Ẹni yẹn kò padà mọ́, eléyìí náà kò sì dìde. Kì í dáhùn ìkíni láàárọ̀. Ìka ló fi ń pe àgbà.

Lọ́sàn-án, ó ṣí ìwé ńlá náà. Bírò ni wọ́n fi kọ gbogbo orúkọ, àfi àwọn díẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ. Ó rí orúkọ mẹ́gáàdì níbẹ̀, ó pòṣé, ó pa ìwé dé.

"Kí ni pálapàla yìí?"

"Àwọn tí kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni, sà. Alága ilé-iṣẹ́ wa ló ní kí n máa kọ wọ́n kún un títí lẹ́tà wọn á fi dé."

"Ẹni tí kò bá ní lẹ́tà, ẹ yọ ọ́!"

"Ẹnikẹ́ni, sà?"

"Àbí etí yín ti di ni? Ì báà jẹ́ bàbá mi!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ó ku oṣù mẹ́jọ kí Ìyá Owó-Oṣù fẹ̀yìntì. Tí wọ́n bá lé e báyìí, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wọgbó nìyẹn. "Mọ́mì, ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ lọ bẹ Máníjà," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí sí ti àwọn tó wà lọ́rùn mi," ni ìyá fèsì. "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìta, ó gba fọ́ọ̀mù tí ẹni tí kò ní lẹ́tà lè kọ kí wọ́n má baà yọ orúkọ rẹ̀. Mẹ́gáàdì tẹ̀ka sí tirẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ kọ tirẹ̀, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Owó-Oṣù wọ ọ́fíìsì Máníjà, ó rọra fi ìwé kan síwájú rẹ̀.

"Ẹ dákun, sà, ẹ kà á ná. Ọ̀la ni wọ́n máa ti ètò náà pa."

"Mo ti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló kàn!" Kò tiẹ̀ wo ìwé náà. Ó fà á ya sí méjì, ó tún fà á ya sí mẹ́rin. "Ojú kò tilẹ̀ tì yín? Ẹ jáde! Ẹ má padà wá lọ́la."

Ìyá Owó-Oṣù bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àwọn ìwé tó já sílẹ̀.

"Mo ti wí tèmi, sà."

Lọ́jọ́ owó, fóònù ń dún kiri ilé-iṣẹ́ bí owó oṣù ṣe ń wọlé, títí kan ti mẹ́gáàdì lẹ́nu géètì. Ti Máníjà nìkan ni kò dún. Ó pe àwọn ará ìta, ó fi odidi wákàtí kan bú wọn. "Ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni?" Wọ́n ní àwọn á wádìí, àwọn á sì kọ̀wé.

Ìwé náà dé, wọ́n sì fún Alága ní ẹ̀dà kan: "Ọ̀gá wa, àwọn mẹ́ta ni kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, méjì ti dá fọ́ọ̀mù wọn padà, àmọ́ títí di òní a kò rí tiyín tí Ìyá Owó-Oṣù gbé wá bá yín, nítorí náà a tẹ̀ lé àṣẹ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ, Alága sì ní kí á bi yín pé nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà yín síṣẹ́, ta ló ní kí ẹ lé màmá náà lọ?"