Ojú Jacob Kò Kúrò Lára Owó Fọlárìn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fò ó. Ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

1.
Káfíńtà ni Jacob ní Ikoro-Èkìtì. Fọlárìn, bàbá Oyin, aládùúgbò rẹ̀ tó wá láti Ìlá, ń lẹ táyà. Nígbà tí Fọlárìn ra páànù tuntun, Jacob ló bá a kàn án. Orí òrùlé yẹn ni Jacob wà tó ń wo páànù ilé tirẹ̀ tó ti dípẹtà lódìkejì ọ̀nà. Bó ṣe ń kan ìṣó ni inú ń bí i.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Fọlárìn máa ń lọ sí ilé tẹ́tẹ́ ní Adó. Jacob gbà pé ibẹ̀ ni owó páànù ti wá.

"Ẹni tó ń lẹ táyà ló wá ní ilé tó dáa ju tèmi lọ," Jacob sọ fún Christiana, ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Ìfẹ́dayọ̀, ẹ fi Bàbá Oyin sílẹ̀. Iṣẹ́ yín ń bọ́ wa."

2.
Jacob bẹ Fọlárìn kó mú òun dání lọ sí ilé tẹ́tẹ́ náà. Nínú ọkọ̀, Fọlárìn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀.

"Owó tí o lè pàdánù láìsunkún ni kí o mú wọlé. Tó bá tán, dìde. Tí ọmọbìnrin tó ń darí tábìlì bá ti ní kò sí títa mọ́, má fọwọ́ kan nǹkan kan. Má sì wo ti ẹlòmíì."

Ti Fọlárìn nìkan ni Jacob ń wò. Fọlárìn jẹ, ó tún jẹ. Bọ́ọ̀lù kékeré tó ń fi ẹni tó jẹ hàn ti ń sáré lórí àgbá tó ń yí, wọ́n ti ní kò sí títa mọ́, ló bá na ọwọ́, ó ti owó tirẹ̀ sí ibi tí Fọlárìn ta sí.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò, sà," ọmọbìnrin náà sọ.

"Kí ló dé tó jẹ́ òun nìkan ló ń jẹ? Ìwọ àti òun ti jọ dìmọ̀lù!" Jacob pariwo mọ́ ọn.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú Jacob jáde. Fọlárìn bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n lé òun náà.

3.
Jacob ta ẹ̀rọ tó fi ń la pákó. Ó purọ́ fún Christiana pé òun gbé e lọ túnṣe. Ó wá ilé tẹ́tẹ́ mìíràn lọ. Owó tó kọ́kọ́ mú jáde tán, kò dìde. Nígbà tó máa fi dìde, gbogbo rẹ̀ ti lọ.

Christiana gbọ́ pé owó ẹ̀rọ ti bá tẹ́tẹ́ lọ, ó sáré tọ Rebecca, ìyàwó Fọlárìn, lọ. Ó ń bẹ̀ ẹ́ kí Fọlárìn fi ọ̀nà tó ń gbà jẹ han Jacob, kí owó ẹ̀rọ lè padà.

"Tẹ́tẹ́ wo?" Rebecca bi í. "Owó kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Erijiyan la fi ra páànù. Ohun tí ọkọ mi bá jẹ ní Adó, ibẹ̀ náà ló máa ń dá a padà sí."

Christiana padà sílé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Jacob.

4.
Lónìí, Jacob ń bá káfíńtà mìíràn gbé pákó ní Ìjerò. Christiana ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Jacob mọ ibi tí owó páànù ti wá báyìí. Síbẹ̀, tí Fọlárìn bá kí i, kì í dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jìnnà sí tẹ́tẹ́. Tó bá wá jẹ́ pé ohun tí ẹ rí lọ́wọ́ aládùúgbò ló ń lé yín lọ síbẹ̀, ẹ jókòó sílé yín. Ẹ ò mọ ibi tó ti rí i, ẹ ò sì mọ ohun tó ti pàdánù. Ẹ má ta irinṣẹ́ yín nítorí ohun tí ẹlòmíì ní.