Àga Dírẹ́bà Tí Kò Gba Orúnkún Rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ má ṣe bí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tí kì í ka nǹkan tán.

1.

Alágbàfọ̀ ni. Ó ga débi pé Àgùnfọn làwọn oníbàárà ń pè é, kì í sì í bínú sí i. Òun ló ń fọ aṣọ, ìyàwó rẹ̀ ló ń lọ̀ ọ́. Obìnrin náà kò ga dé àyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló sọ iṣẹ́ wọn di olókìkí. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé àwọn ló ń fọ gbogbo bẹ́díṣíìtì ibẹ̀, torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ra mọ́tò.

Wọ́n ra ìnṣọ́ránsì fún mọ́tò náà, irú èyí tó ń tún mọ́tò ẹni ṣe, kì í ṣe ti ẹni téèyàn kọlù nìkan. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fún Àgùnfọn ní ìwé olójú-ewé mẹ́wàá, ó ní kó kà á, kó bi òun léèrè ibi tí kò bá yé e. Àgùnfọn ní gbogbo ẹ̀ ti yé òun. Ó buwọ́ lù ú. Nígbà tó délé, tábìlì ìlọṣọ ń mì, ló bá ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó kì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ gbà mí o.

2.

Ìyàwó ti ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra, àmọ́ ọkọ kì í jẹ́ kó wa mọ́tò. Ó máa ń fọ́nnu níta pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan sìtíárìn òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀yìn ń dùn ún tí kò lè dìde, òtẹ́ẹ̀lì sì ń retí bẹ́díṣíìtì. Ló bá gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Obìnrin náà fa àga súnmọ́ sìtíárìn, ó gbé tìmùtìmù lé e, ó jókòó, ó lọ. Ní kọ́nà kan, lọ́rí tó wà níwájú rẹ̀ dúró lójijì. Ó yà fún un, ó lọ kọlu ògiri. Iwájú mọ́tò wó wọlé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wú lójú ẹsẹ̀.

Bó ṣe pe ọkọ rẹ̀, ẹ̀yìn dídùn pòórá. Alùpùpù ló gbé Àgùnfọn débẹ̀. Ó yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tẹ́nikẹ́ni bá bi ọ́, èmi ni mo wà á."

"Dádì, ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí. Mo ní láísẹ́ǹsì."

"Orúkọ ta ló wà nínú ìwé? Tí wọ́n bá gbọ́ pé ìwọ ni, wọn ò ní tún un ṣe."

Ìyàwó na ọwọ́ sí i, ó ní ó jọ pé eegun ti ṣẹ́. Ọkọ ní kó ní sùúrù. Ó ní tó bá lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á bi í ibi tó ti ṣèṣe, ọ̀rọ̀ á sì détí àwọn onínṣọ́ránsì. Ó ní kó máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi tẹ̀ ẹ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

3.

Àgùnfọn kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun ló wa mọ́tò, pé òun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó buwọ́ lù ú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, obìnrin kan wá láti ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ó fẹ́ yẹ mọ́tò wò lọ́gbà mẹkáníìkì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó kí Àgùnfọn dáadáa, ó wá ní kó jọ̀ọ́ jókòó sáyè dírẹ́bà, kó fi bó ṣe di sìtíárìn mú han òun.

Àgùnfọn ki ẹsẹ̀ kan bọ inú mọ́tò. Èkejì kò wọlé. Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, orúnkún rẹ̀ gbá sìtíárìn. Ó tẹ̀ ba, orí rẹ̀ gbá òkè mọ́tò, torí tìmùtìmù ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí àga. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé mẹkáníìkì ló sún àga síwájú.

"Ọ̀gá, irin àga yẹn ti há látìgbà tí mọ́tò ti gbá ògiri," mẹkáníìkì dáhùn. "Mo sún un títí, kò lọ."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó wọn àlàfo tó wà láàárín àga àti sìtíárìn, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó dágbére.

4.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n pe tọkọtìyàwó sí ọ́fíìsì. Obìnrin jẹ́jẹ́ yẹn rí ọwọ́ tí ìyàwó fi ìborùn bò. Ó bi í pé ta ló wa mọ́tò. Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, ó wolẹ̀.

"Èmi ni, mà."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ṣí ìwé wọn, ó kà á sétí wọn. Ojú ewé kẹrin ní ẹnikẹ́ni tó bá ní láísẹ́ǹsì, tí ẹni tó ni mọ́tò sì fún láyè, lè wà á. Ìkarùn-ún ní tí ẹni tó ń wà á bá fara pa, àwọn ni yóò tọ́jú rẹ̀. Ìkeje ní ẹni tó bá parọ́ nínú fọ́ọ̀mù kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ohunkóhun.

"Ká ní òótọ́ lẹ kọ ni, sà," ó ní, "à bá ti máa tún mọ́tò yín ṣe. Ìyàwó yín ì bá sì ti rí dókítà lọ́jọ́ náà."

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà ní eegun ti so, ó sì so ní wíwọ́. Ọwọ́ yẹn ò lè gbé áyọ́ọ̀nù mọ́. Òtẹ́ẹ̀lì ti kó bẹ́díṣíìtì fún ẹlòmíì, mọ́tò sì ń dípẹtà lọ́gbà mẹkáníìkì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àgùnfọn kúnlẹ̀ bẹ ìyàwó rẹ̀.

"Mo ti dárí jì yín tipẹ́," ìyàwó dá a lóhùn. "Ẹ bá mi de bọ́tìnnì mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹ bèèrè ẹni tó lè wa mọ́tò yín, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n máa ṣe tí ẹnì kan bá fara pa. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun rárá, ẹ gbé ẹni tó ṣèṣe lọ sílé ìwòsàn. Fọ́ọ̀mù á dúró.