Ẹ̀dá Tí Kò Ní Ìwo

"Ẹ wá, ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ẹ jókòó, kí kálukú ká ohun tó ní mọ́ra, kí àlejò má baà tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀."

Ìyá Àgbà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún un, àmọ́ ojú kan náà ń dán bí ojú ọmọge lálẹ́ yẹn. Ó ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ó ti nu tábìlì, ó sì ti kó eegun olójú mẹ́fà sínú àwo.

Àlejò mẹ́ta ló wọlé. Atẹ̀wé ló kọ́kọ́ dé, òun ló máa tẹ Ìwé Abàmì jáde, ìwé tí àwọn tó ń fi eegun ṣeré lórí tábìlì fi ń mọ ẹ̀dá tí akọni inú eré wọn máa bá jà. Alágbẹ̀dẹ tẹ̀lé e, àbúrò Ìyá Àgbà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Agbẹ̀bí ló kẹ́yìn, ẹni tó gba ọmọ Ìyá Àgbà, méjèèje, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ojú ìwé kan ló kù," ni Atẹ̀wé wí. "Ọ̀la ni mo máa dì í. Ìyá Àgbà, ẹ mọ òfin. Bí ẹ̀dá yín bá dá akọni wa dúró títí ilẹ̀ fi mọ́, ó wọlé. Bí a bá pa á, tí a gbé ọmọ rẹ̀ kan jáde, a ó sun ojú ìwé rẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sun ti Ìyá Àgbà. Olórí méje tó mú wá lọ́dún tó kọjá, wọn ò tíì jókòó dáadáa tí Alágbẹ̀dẹ fi bẹ́ orí kẹfà. Kò sí ẹ̀dá kan nínú ìwé náà tí ọwọ́ rẹ̀ kọ, ó sì mọ̀ pé òun ò ní í sí láyé mọ́ nígbà tí wọ́n bá máa tẹ òmíràn.

Ó da ojú ìwé rẹ̀ dé, ó gbé òkúta lé e. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kà á àfi tí ẹ̀mí ẹ̀dá náà bá tán.

"Ìwo mélòó ló ní?" Alágbẹ̀dẹ bi í.

"Kò ní ìwo."

"Oró ńkọ́?"

"Kò ní."

"Iná lẹ́nu?"

"Rárá. Ẹ̀mí mẹ́rin ló ní, àti ọmọ mẹ́ta."

Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé adìyẹ lẹ gbé wá ni?"

"Da eegun ẹ, jàre."

Akọni Alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ dé ẹnu ihò tí ẹ̀dá náà ń gbé. Ó fọ́ ohun tí wọ́n fi dí i, ó ki orí bọlé. Eegun tirẹ̀ sọ méjì, ti Ìyá Àgbà sọ márùn-ún.

"Ó da ohun gbígbóná sí ọ lójú," ni Ìyá Àgbà wí. "Awọ ojú rẹ ń bó. Kí o tó fa orí jáde, ó ti gbé òkúta lù ọ́, ó tún lù ọ́, ó tún lù ọ́, títí ohun tó wà nínú orí fi tú sílẹ̀. O ti kú."

"Ẹ̀dá tí kò ní iná lẹ́nu? Níbo ló ti rí ohun gbígbóná?"

"Ó ń sè é."

"Alágbẹ̀dẹ," ni Agbẹ̀bí wí, "adìyẹ ti sè ọ́ jẹ."

Akọni Agbẹ̀bí gba ẹ̀yìn wọlé, ó sì mú ọmọ tó kéré jù lẹ́sẹ̀. Eegun sọ mẹ́fà fún un. Ó fi eyín mú apá ẹ̀dá náà, eegun apá rún, ẹ̀jẹ̀ ta dé òrùlé. Ẹ̀mí méjì lọ. Ìyá Àgbà da tirẹ̀. Mẹ́fà.

"Bí o ti ń jẹ apá kan lọ́wọ́, ó ń fi èkejì wá ojú rẹ. Ó ti rí i. Ó ki àtàǹpàkò bọ inú rẹ̀, ó ń tì í lọ, ó ń tì í lọ, títí ó fi kan ohun rírọ̀."

Akọni Agbẹ̀bí ṣubú lé ọmọ náà. Ẹ̀dá náà fi ọwọ́ kan tó kù fà á jáde lábẹ́ òkú.

"Ìkà ni nǹkan yìí o," ni Agbẹ̀bí wí.

Ìyá Àgbà ń fọwọ́ ra ihò ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ku Atẹ̀wé. Àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀kan níta. Akọni tirẹ̀ kò sáré. Ó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹ̀dá náà ná, ó wá gún un níkùn, ó fa ìfun rẹ̀ jáde. Ẹ̀mí kan lọ. Ó tún gún un lọ́rùn. Ẹ̀mí kẹrin lọ.

"Ó tán. Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà." Ó ti ń fa àtùpà sọ́dọ̀.

"Kà á ná. Òfin ni."

Atẹ̀wé gbé òkúta kúrò, ó ka ìlà tó kẹ́yìn sókè: "Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá tán, tí ọmọ rẹ̀ sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀, yóò jà lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìyá Àgbà mi eegun, ó mì í pẹ́, ó dà á. Mẹ́fà.

"Ó fi eyín di ọ́ lọ́fun mú," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ó sì ju iná sí koríko òrùlé. Kò fi ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ jóná ni. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gba ẹ̀yìn sá lọ."

Atẹ̀wé ti ojú ìwé náà padà sí Ìyá Àgbà. "Ó wọlé. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Àmọ́ ká sọ òótọ́, Ìyá Àgbà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò sí láyé."

"Mo lọ gbé ọmọ rẹ̀ rí, nígbà tí mo wà léwe. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi méjì la lọ. Èmi nìkan ni mo padà dé."

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, àwọn àlejò sì tú ìrù wọn kúrò lẹ́sẹ̀ àga, wọ́n na ìyẹ́, wọ́n fò jáde kí oòrùn tó bá wọn lọ́nà, Ìyá Àgbà sì ki ṣóńṣó èékánná rẹ̀ bọ tàdáwà, ó kọ orúkọ sókè ojú ìwé náà kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lè rí i: Ènìyàn, abo, ọlọ́mọ mẹ́ta.